Nípa ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ṣeé gbé kiri: ẹ ṣọ́ra fún ibi tí pákó méjì ti pàdé

Ẹ ǹlẹ́ o, àbúrò mi ní Yábàá. Ẹ béèrè ìwọ̀n ọkọ̀ ojú irin kékeré, ti ìṣeré, tó yẹ kí ẹ rà, kí gbogbo rẹ̀ lè wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì lè máa gbé e kọjá afárá lọ bá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ní Ọbáléndé. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: ẹ ra ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní N, èyí tó kéré dé ìdá kan nínú 160 ìwọ̀n ọkọ̀ gidi, tí àlàfo àárín irin rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 9. Ìwọ̀n kejì, tí wọ́n ń pè ní HO, tó jẹ́ ìdá kan nínú 87, tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n sábà máa ń kó sínú páálí rẹ̀ ń yí òbírí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 91, ta ni yóò sì máa wọ́ pákó tó lè gba irú irin bẹ́ẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ti N lè yí po nínú nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50, nítorí náà pákó méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 sí 60 tó fún yín. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ń ti Èbúté Mẹ́tà lọ sí Ìbàdàn lónìí ni ẹ fẹ́ fara wé, mìlímítà 9 ní ìlọ́po 160 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àlàfo ojú irin rẹ̀ tó jẹ́ mìlímítà 1,435 mu. Ọ̀nà àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó jẹ́ 1,067, ti N yóò sì fẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí yóò mọ̀.

Ohun tí ẹ kò béèrè gan-an ni ó fi ojú mi rí màbo. Káfíńtà tó kan férémù abẹ́ pákó méjèèjì fún mi lo pákó tútù tí wọ́n tò sínú òjò, ó sì ń fọwọ́ sọ̀yà pé òun ti ń kan àga kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, férémù náà gbẹ, ó sì lọ́. Irin pákó kan ga ju ti èkejì lọ níbi tí wọ́n ti pàdé, gíga náà kò ju nínípọn káàdì ATM lọ, síbẹ̀ gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ń gun irin, tí yóò sì dojú dé. Ètè tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ N mú sórí irin kò ga ju bíi mìlímítà kan lọ, nítorí náà ohun tí káfíńtà ń pè ní “díẹ̀ báyìí” ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí mo pè é padà, ó ní ọkọ̀ mi ni kò dára.

Ẹ lo plywood fún ojú òkè, nítorí bí wọ́n ṣe to àwọn ìpele rẹ̀ ní ìdábùú ara wọn kì í jẹ́ kí ó wú bíi pákó lásán. Ẹ jẹ́ kí pákó férémù gbé inú yàrá yín títí yóò fi gbẹ kí ẹnikẹ́ni tó fi ayùn kàn án, kí ẹ sì kun fáníìṣì sí òkè, ìsàlẹ̀ àti gbogbo etí rẹ̀, torí pé bí apá kan bá ń fa ọ̀rinrin tí èkejì kò fà á, yóò tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ di férémù méjèèjì pọ̀ pinpin, kí ẹ lu ihò tó la àwọn méjèèjì já lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi igi róbótó kéékèèké tọ́ wọn sọ́nà, kí bóòtì sì fà wọ́n mọ́ra. Ẹ má gé irin kí ẹ tó tò ó o! Ẹ tò ó kọjá ojú ìpàdé náà ní gbọọrọ, ní ìdábùú, kì í ṣe níbi tó ti ń yí. Ẹ de sukuru onídẹ sábẹ́ irin ní etí pákó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi òjé lẹ irin mọ́ orí sukuru náà, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá fi ayùn irin tó tinrin gé e láàárín. Bí ẹ bá ń gbé e lọ, ẹ de pákó pẹlẹbẹ kan bo etí náà, nítorí kọ́ńdọ́ọ̀tọ̀ dáńfó kò mọ ohun tó ń jẹ́ irin kékeré, yóò kàn tì í wọ abẹ́ ìjókòó ni.

Ní ti títo ilé àti igi, ẹ óò rí i ṣe. Àwọn ògbógi inú fídíò Òkè Òkun á ní kí ẹ lọ ra fóòmù aláwọ̀ búlúù, bí ẹni pé ó wà ní gbogbo ìsọ̀. Fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n ti tó, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàtà ń lò máa ń jẹ ẹ́ run. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá ń rà á láti Òkè Òkun, ẹ sọ fún ẹni tó ń fi ránṣẹ́ pé kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù pé ohun ìṣeré ni, lábẹ́ orí 9503 nínú ìwé owó ibodè. Òṣìṣẹ́ kan níbi tí mo ti lọ gba tèmi rí “locomotive” nínú ìwé, ó ní kí n mú ìwé ọkọ̀ wá. Páálí náà wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, kò sì tóbi ju ti bàtà lọ.

Ẹ má sì ra tiransifọ́mà ọkọ̀ ìṣeré tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, torí fólítì 120 ni tiwọn, tiwa sì lé ní 200. Oníná kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà fi ojú ara rẹ̀ wo tèmi, ó ní kò séwu, kí ó tó ki í bọ iná tí èéfín sì yọ. Fólítì 12 ni ọkọ̀ náà ń lò, nítorí náà bátìrì kékeré olófólítì 12 pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń dín eré kù yóò ṣiṣẹ́ bí iná tilẹ̀ lọ. Ẹ kàn fi fíúsì ámpíà kan sí wáyà rẹ̀, nítòsí bátìrì gan-an, nítorí bí ọkọ̀ bá dà lórí irin, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè so iná irin méjèèjì pọ̀, bátìrì kò sì ní dúró béèrè kí wáyà tó jó.