Èsì: Kí ló lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́yìn Democrat?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ẹ̀tanú àwọ̀ nìkan ló mú kí òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà kẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat. Ẹ̀tanú wà níbẹ̀, n ò jiyàn. Àmọ́ Bill Clinton, ààrẹ tó jẹ́ Democrat, ló buwọ́ lu òfin tó fìdí NAFTA múlẹ̀ ní 1993, ìyẹn àdéhùn òwò láàárín Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì palẹ̀ mọ́ lọ sí Mẹ́síkò. Nínú ìbò ààrẹ 2016, ìpínlẹ̀ Michigan, Wisconsin àti Pennsylvania bọ́ mọ́ Democrat lọ́wọ́. Dọ́là 7.25 ní wákàtí kan ni owó iṣẹ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin àpapọ̀ láti 2009. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá ń kọ́ ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó yẹ lẹ́nu! Aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì lóru, tí wọ́n bá fi aláwọ̀ dúdú ṣe ọ̀gá àgbà, sẹ́ǹtì mélòó ló kún owó wọn?