Ìbéèrè Òǹkàwé: Ológbò Ìgboro Tó Fara Pamọ́ Sábẹ́ Igi Ìdáná

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Àdúgbò Mọ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé, gààrí àti ẹ̀wà sì ni mo ń tà. Ó ti tó ọdún méjì tí ológbò eléérú kan tí kò ní olúwa ti ń bá wa lé èkúté lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun rí. Ní ọjọ́ Ajé, mo rí i tí ó ká jọ sábẹ́ igi ìdáná mi. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti lẹ̀ pọ̀, ikun ń dà nímú rẹ̀, ó ń sín, kò sì tíì fẹnu kan ẹja tí mo ń gbé sí i láti ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e sínú páálí, ó fi èékánná ya mí lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì jáde. Aládùúgbò mi ní kí n lọ parasitamọ́ọ̀lù fún un. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n gbé e sọnù, pé ológbò kì í déédéé wá kú sílé ẹni. Ọmọ mi obìnrin tó lóyún oṣù mẹ́rin sì wà lọ́dọ̀ mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá oníṣòwò, Mọ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí a fi ológbò sílẹ̀ ná, kí a sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ yín. Bí ẹ kò bá tíì lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ lọ lónìí. Àrùn dìgbòlugi tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ajá ń mú ológbò pẹ̀lú. Inú itọ́ ni ó ń gbé, ológbò a sì máa lá èékánná rẹ̀. Bí àmì àrùn náà bá ti fara hàn lára ènìyàn, agbára káká ni a fi ń rí ẹni tó yè é, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a bá tètè gbà ń dènà rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má fi epo tàbí ewé dí i. Ẹ má gbàgbé láti sọ fún dókítà pé ẹ̀jẹ̀ jáde, nítorí ìyẹn ni yóò fi mọ̀ bóyá àjẹsára nìkan tó tàbí oògùn mìíràn yóò kún un, kí ẹ sì béèrè nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí ológbò náà bá wà láàyè tí ara rẹ̀ sì dá lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí ọjọ́ tí ó ya yín, a jẹ́ pé kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, dókítà sì lè dá àwọn abẹ́rẹ́ tó kù dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ torí pé ẹ ń ka ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ má bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí ó ń bu ohun tí kò ṣe é ní nǹkan kan jẹ, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ẹ pe dókítà ẹranko.

Ní ti àìsàn rẹ̀, ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ ọ̀fìnkìn ológbò. Fáírọ́ọ̀sì méjì ni ó sábà máa ń fà á, àwọn méjèèjì kì í sì í ran ènìyàn. Ológbò mìíràn ni wọ́n ń ràn, wọ́n sì lè bá ọwọ́ àti aṣọ yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn máa ń dá egbò sí ahọ́n. Kò sí oògùn tí ẹ lè rà níta tí yóò pa fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí. Ara ológbò fúnra rẹ̀ ni yóò borí àìsàn náà, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, bí ó bá ti ń rí oúnjẹ àti omi.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Imú ni ológbò fi ń jẹun kí ó tó fi ẹnu jẹ ẹ́: ohun tí kò bá gbóòórùn, kò kà á sí oúnjẹ. Ẹja tí ẹ gbé sí i kò burú. Imú dídí ni kò jẹ́ kó mọ̀ pé ẹja ni. Ológbò tí kò sì jẹun fún ọjọ́ mélòó kan wà nínú ewu tí ajá kò sí nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rá ara rẹ̀ yóò ya wọ inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ kò sì ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Nítorí náà, ẹ se ẹja títù tàbí pánla láìfi iyọ̀ àti ata sí i, ẹ má sì fi àlùbọ́sà kàn án rárá, nítorí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Ẹ yọ egungun rẹ̀, ẹ gún un mọ́ omi rẹ̀, kí ẹ gbé e fún un nígbà tí ó ṣì lọ́ wọ́rọ́wọ́, bí ìgbóná ara ológbò fúnra rẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bíi 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ṣíbí kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́, sàn ju àwo kíkún kan lọ. Ológbò tó wọn kìlógíráàmù mẹ́ta nílò tó mílílítà 150 omi lójúmọ́, èyí tó wà nínú ẹja sì wà lára rẹ̀. Mílíìkì màlúù lè fún un ní ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ má rọ ọ́ bí a ti ń rọ ọmọ: ológbò tí kò mọ ọwọ́ ènìyàn yóò bu yín jẹ, omi náà sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Balùwẹ̀ tí ẹ kò lò púpọ̀ ni kí ẹ fi sí, pẹ̀lú páálí tí ẹ dá ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè sá wọ inú rẹ̀, àti àwo yanrìn tí yóò máa yàgbẹ́ sí ní igun kejì. Ẹ máa gbé garawa omi gbígbóná tí ẹ dé lọ́nà tí oru rẹ̀ yóò fi máa jáde sí ibi tí kò lè dà á, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ àti lálẹ́, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Bí ó bá gbà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, kí ẹ fi òwú tí ẹ rì bọ omi iyọ̀ nu ipin ojú rẹ̀: ṣíbí tíì kan iyọ̀ nínú ìdajì lítà omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù. Bí kò bá gbà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ bá mi bẹ aládùúgbò yín kó fi parasitamọ́ọ̀lù rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní ohun tí a fi ń tú oògùn yẹn ká. Ẹyọ kan tó jẹ́ mílígíráàmù 500 tó láti pa á: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò pọ́n bí ṣokoléètì, kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, ojú rẹ̀ á sì wú. Bẹ́ẹ̀ náà ni òtapiàpià tí àwọn kan ń dà sára ẹran nítorí eégbọn, nítorí gbogbo ohun tó bá kan irun ológbò ni yóò fi ahọ́n lá. Nínú iṣẹ́ mi, èyí tí oògùn inú ilé pa kò kéré sí èyí tí ọ̀fìnkìn pa.

Bí kò bá tíì jẹun ní wákàtí 24 lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe èyí, bí ó bá ń la ẹnu mí, tàbí tí erìgì rẹ̀ bá funfun tàbí tí ó pupa rúsúrúsú, dókítà ẹranko ni ó kàn. Bí ẹ kò bá rí ẹni tó mọ ìtọ́jú ológbò nítòsí, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà níbẹ̀.

Sí bàbá àwọn ọmọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ẹranko tí ara rẹ̀ kò dá a máa wá ibi tó móoru tí ojú kò tó, abẹ́ igi ìdáná sì ni ibẹ̀ nínú agbo ilé yín. Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Ọmọ yín tó lóyún kò ní láti kó lọ, ṣùgbọ́n kí ó má fọwọ́ kan àwo yanrìn náà. Kòkòrò kan wà nínú ìgbẹ́ ológbò tó lè ṣe oyún ní jàǹbá, ó sì ń gbà tó ọjọ́ kan ó kéré tán kó tó lè ràn. Nítorí náà, ẹ̀yin ni kí ẹ máa da á nù lójoojúmọ́, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé, tí ojú rẹ̀ sì ti là tí ó ń jẹun dáadáa, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá bí ó bá jẹ́ akọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ gbé ẹja sí ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti máa ń jẹ, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó tún rí i.