Ẹ Bi Wá: Ìtàn Kan, Ẹnu Méjì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo gba ìtàn kan náà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà mi àti lẹ́nu àbúrò rẹ̀. Ìyá àgbà ní ìyàwó bàbá ló lé ọmọ náà wọgbó; àbúrò rẹ̀ ní ìyá tó bí i gan-an ni. Ti ta ni kí n kọ?

Ìdáhùn: Ẹ kọ méjèèjì, ẹ má sì lù wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Kò sí ẹ̀dà ìtàn àtẹnudẹ́nu tó jẹ́ ojúlówó kí ìyókù wá jẹ́ ayédèrú. Ibi tí ẹnu wọn ò ti kò yẹn gan-an ni olùwádìí ń wá. Ní 1812 tí àwọn Grimm, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ará Jámánì, kọ́kọ́ tẹ ìtàn wọn jáde, ìyá tó bí ọmọbìnrin tó funfun bí yìnyín ló ń jowú ẹwà rẹ̀, tó sì fẹ́ pa á. Nígbà tó fi máa di ìtẹ̀jáde 1819, wọ́n ti sọ ọ́ di ìyàwó bàbá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ò sọnù, à bá máa fi ọwọ́ sọ̀yà pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ látilẹ̀ nìyẹn.

Láti fi wọ́n wéra, ẹ fa ìlà sínú ìwé, kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀. Ẹ to ìṣẹ̀lẹ̀ sí i níkọ̀ọ̀kan: ta ló ṣe é, kí ló ṣe, kí ló tẹ̀lé e. Bí Vladimir Propp ará Rọ́ṣíà ṣe tú 100 ìtàn palẹ̀ nìyí, tó sì fi hàn ní 1928 pé bí olùṣe tilẹ̀ ń yí padà, irú ìṣẹ̀lẹ̀ 31 péré ni wọ́n ń lò, èyí tó bá sì wà nínú ìtàn kì í kúrò ní ipò rẹ̀. Kò sí pé ìtàn kan gbọ́dọ̀ ní gbogbo 31 náà.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó wá nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ irú ìtàn, níbi tí irú kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí Antti Aarne bẹ̀rẹ̀ ní 1910, tí Stith Thompson fẹ̀ lójú, tí Hans-Jörg Uther sì tún ṣe ní 2004. Ìtàn ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ nílé, tí bàtà rẹ̀ sì fi í hàn, 510A ni. Ní 1893, Marian Roalfe Cox ti kó ẹ̀dà 345 irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà rèé: wọ́n á rí bàtà, wọ́n á ti kọ 510A. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ló ń fún ìtàn ní nọ́ńbà, kì í ṣe ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo.

Ìbéèrè: Fóònù ni mo fi ń gba ìtàn sílẹ̀. Ariwo pọ̀ nínú rẹ̀, bí mo bá sì kọ ọ́ jáde tán, adùn rẹ̀ á ti lọ. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ibi méjì ni. Bí fóònù bá wà lórí tábìlì lásán, gbogbo ìkànkù tábìlì ló ń gbà. Ẹ gbé e lé aṣọ tí ẹ ká, kí ó jìnnà sí ẹnu asọ̀tàn tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ pa fáànù, kí ẹ sì dí ọ̀nà ìpè. Ẹ gba ìṣẹ́jú àáyá 30 sílẹ̀, kí ẹ fetí sí i ná. Irú fáìlì ohùn tí wọ́n ń pè ní WAV ni kí ẹ lò, irú ti MP3 máa ń gé lára ohùn dànù. Wákàtí kan lè gba nǹkan bí 500 MB, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo àyè tó kù. Ẹ gba àṣẹ láti gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì gba ti títẹ̀ ẹ́ jáde lọ́tọ̀.

Ti adùn ló dùn wá jù. Asọ̀tàn ní, “ó lọ, ó lọ, ó lọ,” ẹ̀yin kọ “ó rin ìrìn gígùn.” Ìlọ mẹ́ta yẹn lẹsẹ̀ ọmọ náà, ẹ ti gé e. Bó bá dákẹ́ kí ẹranko tó jáde, kí ẹ kọ “[ó dákẹ́].” Bó bá kọrin, kí ẹ kọ orin náà sílẹ̀ látòkè délẹ̀, iye ìgbà tó kọ ọ́, àti ohun tí àwọn agberin fi dá a lóhùn. Ẹ má ṣe dá a dúró láti bi í ní ìbéèrè, ẹ jẹ́ kó parí. Ẹ tún pe àwọn olùgbọ́ wá, torí ẹni tó ń sọ̀tàn fún ẹ̀rọ nìkan máa ń gé e kúrú.

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 ní irọ́ ni gbogbo ìtàn àtijọ́. Kí ló dé tí wọn ò tíì parun?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. William Bascom, onímọ̀ nípa ìtàn àtẹnudẹ́nu, ló là á ní 1965: àlọ́, ẹni tó ń pa á àti ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ̀ pé àròsọ ni, ìtàn ìwáṣẹ̀ àti ìtàn akọni, òtítọ́ ni àwọn tó ni wọ́n kà wọ́n sí. Ìtàn akọni máa ń ní orúkọ èèyàn àti ibi tí a lè nàka sí, iyàn jíjà ló sì ń gbé e ró. Ẹni kan á ní òun ò gbà, èkejì á ní, “Wo àpáta náà níbẹ̀ yẹn.”

Ní ti àìparun wọn, Frederic Bartlett, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ní kí àwọn èèyàn ka ìtàn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì tún un sọ. Ó kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1932: ohun tó ṣàjèjì sí wọn jábọ́, tàbí ó di ohun tí wọ́n mọ̀. Ìtàn tó ti gba ẹnu púpọ̀ kọjá ti gé ara rẹ̀ bá ìrántí mu. Ẹ sọ ọ̀kan fún ọmọ yín lónìí, ẹ má rán an létí, kí ẹ ní kó sọ ọ́ padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jọ gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ fàlà sábẹ́ ohun tó kù.