Pọ́ǹpù púùlù ilé: ẹ má gba họ́ọ̀sì 2 lọ́wọ́ wọn

Ẹ̀gbọ́n wa tó béèrè láti Awẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ẹ ní púùlù yín gùn ní mítà 8, ó fẹ̀ ní mítà 4, ó jìn ní mítà 1 lápá ibi tí àwọn ọmọdé á máa wà, ó sì jìn dé mítà 1.8 lápá kejì. Ẹni tó fẹ́ tajà fún yín ní pọ́ǹpù họ́ọ̀sì 2 ni kí ẹ rà kó lè lágbára (họ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń wọn agbára mọ́tọ̀). Ẹ wá béèrè pé ṣé kí ẹ gbà á, àbí họ́ọ̀sì 1 á tó, àti pé ṣé jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA tó wà nílẹ̀ á lè gbé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo wà, lẹ́yìn LAUTECH, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín yìí gan-an ni wọ́n ṣe fún wa. Tí mo bá gbọ́ "ẹ ra èyí tó tóbi" lẹ́nu ẹnjiníà báyìí, inú mi ṣì máa ń ru.

Ẹni tó ṣe tiwa, wọ́n ní ó ti ṣe ti hòtẹ́ẹ̀lì rí. Kò wọn nǹkan kan. Kò béèrè bí omi tí púùlù gbà ṣe pọ̀ tó, kò wo bí páìpù tí àwọn púlọ́ńbà ti rì mọ́lẹ̀ ṣe tóbi tó, kò bojú wo fílítà. Ó dúró sẹ́nu géètì, ó ní họ́ọ̀sì 2. Ó gbé tòkunbọ̀ kan wá láti Èkó, ó ní ti Amẹ́ríkà ni, pé ti Ṣáínà kò lè dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó tàn án, omi ń ya jáde lẹ́nu páìpù, gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni pọ́ǹpù yẹn ti ń pariwo, bíi pé wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sínú garawa tí wọ́n wá ń mì ín. Mo pè é. Ó ní tuntun ló ń ṣe é, pé ó máa dákẹ́.

Kò dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, torí nínú gbogbo àwọn tó gba owó wa, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀. Páìpù ínṣì 2 ló ń fa omi láti púùlù wá sínú pọ́ǹpù. Páìpù yẹn á gbé nǹkan bíi lítà 9,000 sí 10,000 ní wákàtí kan láìjanpata. Ohun tí pọ́ǹpù họ́ọ̀sì 2 ń fẹ́ ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Bó bá ń fà tí omi kò tètè dé, omi inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó di ìfófó kéékèèké láìjẹ́ pé ó gbóná, àwọn ìfófó yẹn á sì máa bẹ́ mọ́ ara ímpẹ́là tó ń ti omi. Bíbẹ́ wọn ni ariwo òkúta yẹn. Bí wọ́n ṣe ń bẹ́ ni wọ́n ń jẹ ímpẹ́là lára. Pọ́ǹpù á máa gbọ̀n. Gbígbọ̀n á ba síìlì, ohun tí kì í jẹ́ kí omi jò wọ mọ́tọ̀, jẹ́, omi á gba ibẹ̀ wọ bẹ́ríìnì, bẹ́ríìnì á máa han, mọ́tọ̀ á máa gbóná, kọ́ìlì á jó.

Bí tiwa ṣe lọ nìyẹn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tí wọ́n tú u, mo ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ síwájú mi lórí páànù. Ojú síìlì méjèèjì, èyí dúdú àti èyí funfun, ti họ. Èyí funfun tilẹ̀ ti là. Ihò wínníwínní kún etí ímpẹ́là. Omi ìpẹtà ti ṣàn láti ibi bẹ́ríìnì, ó ti gbẹ mọ́ abẹ́ mọ́tọ̀. Kọ́ìlì dúdú láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó sì ń rùn. Ẹnjiníà wò ó, ó ní iná ló jó o. Kò fọwọ́ kan ímpẹ́là yẹn rárá.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yí kọ́ìlì. Wọ́n fi wáyà tó tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ yí i, torí òun ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó tún jó. Ẹnjiníà ní kí n lọ bá àwọn oníná. Òṣìṣẹ́ wọn dé lọ́sàn-án gangan, nígbà tí iná dúró dáadáa, ó ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ní iná wa pé, pé pọ́ǹpù wa ni kò dáa. Mo ní kó padà wá lálẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti tan tiwọn, kó wá tún un wò. Kò wá. Iná tó yẹ kó jẹ́ fólítì 230 máa ń já wálẹ̀ sí 170 lọ́dọ̀ wa lálẹ́. Mọ́tọ̀ tí kò bá rí fólítì tó yẹ á máa fa kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀ láti fi ṣe iṣẹ́ kan náà, ooru rẹ̀ ló sì ń jó kọ́ìlì. Nítorí náà, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnjiníà díẹ̀, òótọ́ sì wà nínú ti oníná díẹ̀, olúkúlùkù wọn kàn mú èyí tí kò ní kó sanwó ni.

Ohun tó burú jù wà lójú gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, lára pátákó kékeré tí wọ́n kàn mọ́ mọ́tọ̀. 60 Hz ló wà níbẹ̀ (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Iná Nàìjíríà, 50 Hz ni. Mọ́tọ̀ tó yẹ kó máa yí tó nǹkan bí 3,450 ní ìṣẹ́jú kan lórí 60 Hz kò ní ju nǹkan bí 2,850 lọ lórí iná tiwa. Agbára tó fi ń ti omi sókè á dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, mọ́tọ̀ náà á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, kódà kí fólítì pé. Ẹni tó ń fi èyí jẹun kò kà á kó tó gbowó.

Gbogbo àsìkò tí pọ́ǹpù ń lọ tó ń bọ̀ yìí, omi dúró sójú kan. Ìgbà ọyẹ́ ni. Ẹ̀yin náà mọ bí mángòrò ṣe pọ̀ tó nílùú wa. Èyí tó wà lẹ́yìn odi wa ń rọ òdòdó àti ewé sínú omi lójoojúmọ́, eruku ń bà lé e. Omi di àwọ̀ ewé, tanwíji kún un. Àwọn wolé-wolé dé, wọ́n kọ̀wé fún wa pé à ń sin ẹ̀fọn. Mo fi pọ́ǹpù tó wà ní títú hàn wọ́n, wọn kò yíjú sí i. Owó ìtanràn ni wọ́n bá wá, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ ohun tí èèyàn lè ṣe sí omi tó dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín: lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù bá bàjẹ́, ẹ máa fi àwọ̀n gbọ́n ewé jáde ní àràárọ̀. Tó bá di alẹ́, ẹ da kílóríìnì sínú garawa tí omi ti wà nínú rẹ̀, ẹ má da omi lé kílóríìnì, kí ẹ wá dà á yí púùlù ká, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn rú omi náà. Tó bá jẹ́ ọ̀sán lẹ dà á, oòrùn á ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò tiyín. Ẹ fi 1 kún 1.8, ẹ pín in sí méjì, 1.4 nìyẹn. 8 lọ́nà 4 lọ́nà 1.4 jẹ́ 44.8, ìyẹn lítà 44,800. À ń fẹ́ kí omi tó tó gbogbo ìyẹn gba inú fílítà kọjá láàárín wákàtí 6 sí 8. Ẹ pín in, lítà 5,600 sí 7,500 ní wákàtí kan ló máa bọ́ sí. Pọ́ǹpù tí ìwé rẹ̀ fi hàn pé ó ń gbé tó lítà 8,000 ní wákàtí kan nígbà tó bá ń ti omi ga ní mítà 10 ni kí ẹ wá. Họ́ọ̀sì 0.75 ló sábà máa ń bọ́ síbẹ̀. Ẹ má kọjá họ́ọ̀sì 1. Iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, ẹ má wò ó, ìyẹn ni iye tó ń gbé nígbà tí kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Ẹ ní kí òǹtajà ṣí ibi tí wọ́n ya ìlà agbára rẹ̀ sí nínú ìwé hàn yín. Tí kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Fílítà ńkọ́? Ẹ ò sọ ọ́, ó sì ṣe pàtàkì. Fílítà oníyanrìn tí àyà rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 500 kò yẹ kó gbà ju nǹkan bíi lítà 10,000 lọ ní wákàtí kan. Tí ẹ bá fi họ́ọ̀sì 2 tì í, omi á la ọ̀nà gba àárín yanrìn, ìdọ̀tí á bá a padà sínú púùlù, ẹ ó sì máa ra oògùn ṣòfò.

Ẹ sọ pé ọmọdé á máa wẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú ìbéèrè yín. Bó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ni pọ́ǹpù ń gbà fa omi nísàlẹ̀, tí ara ọmọ sì dí ihò náà, ó lè mú ọmọ náà mọ́lẹ̀ tí àgbàlagbà méjì kò fi ní lè fà á kúrò. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 7 kan kú báyẹn ní 2002, wọ́n sì ṣe òfin nípa rẹ̀ ní 2007, pé ìdérí irú ihò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ara èèyàn kò lè dí. Níbí, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ ní kí wọ́n ṣe ihò méjì, kí wọ́n jìnnà síra tó mítà 1, kí méjèèjì pàdé nínú páìpù kan náà láìsí fáàfù láàárín wọn, kí ìdérí wọn má sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Tí wọn kò bá tíì lẹ táìsì, ó ṣì ṣeé ṣe. Kí wọ́n tún fi bíréékà tó ń já fúnra rẹ̀ tí iná bá ń jò síbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí lára, kí wọ́n sì ri wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ dúró tì wọ́n kí ẹ rí i pé wọ́n rì í, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìtọ́jú pọ́ǹpù kò le: ẹ máa kó ewé inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ fi omi fọ fílítà sẹ́yìn nígbà tí géèjì tó ń wọn bí omi ṣe ń tì bá fi nǹkan bí 8 sí 10 psi ju ti ìgbà tó mọ́ lọ, ẹ pa pọ́ǹpù kí ẹ tó yí fáàfù, ẹ má jẹ́ kí omi sọ̀ kalẹ̀ kúrò lẹ́nu sikímà, ihò etí púùlù tó ń fa omi òkè. Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ni róbà abẹ́ ìdérí apẹ̀rẹ̀. Iyanrìn kan péré tó bá wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbà á wọlé, ẹ ó sì rí ìfófó lẹ́nu páìpù tó ń dá omi padà. Ẹ nù ún, ẹ fi gíríìsì sílíkóònù pa á, ẹ má fi fasilíìnì, ó ń mú kí irú róbà kan wú. Tí ìfófó kò bá lọ, ẹ fi ọṣẹ tó ń hó ra ojú ibi tí páìpù ti so pọ̀ ṣáájú pọ́ǹpù nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ibi tó bá fa ìfófó ọṣẹ wọlé ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Pọ́ǹpù tó bá sì ń ṣiṣẹ́ láìsí omi nínú rẹ̀, síìlì rẹ̀ kò ní pẹ́ jó, ẹ tètè pa á.

Ẹ má kó kílóríìnì sínú yàrá pọ́ǹpù. Òórùn rẹ̀ ń jẹ irin àti wáyà mọ́tọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí kílóríìnì oníyẹ̀fun, irú èyí tó ní 65% tàbí 70% lára, kan tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, kódà ife kan náà kọ́ ni kí ẹ fi máa bù wọ́n. Àpapọ̀ wọn lè gbiná, ó lè bú gbàù.

Ti owó iná: họ́ọ̀sì 1 ń jẹ nǹkan bíi kílówáàtì 1.1, họ́ọ̀sì 2 ń jẹ tó 2.1. Ní wákàtí 8 lójúmọ́, yúníìtì 9 àti 17 nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbé owó Band A, ti àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, dé náírà 225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìyàtọ̀ méjèèjì ju náírà 1,700 lọ lójúmọ́ kan. Tí ẹ bá ní sólà tí owó sì wà, pọ́ǹpù tí a lè dín eré rẹ̀ kù ló dára jù. Tó bá ń sáré ìdajì, omi tó ń gbé á dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ á dín sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ.

Jẹnẹrétọ̀ yín: 3.5 kVA á gbé họ́ọ̀sì 0.75 tàbí 1, tí ẹ bá tan pọ́ǹpù nìkan kí ẹ tó tan fíríìjì àti sọ́mọ́ kànga. Ó ṣeé ṣe kó má lè ta họ́ọ̀sì 2 jí rárá, torí mọ́tọ̀ ń fa ìlọ́po púpọ̀ iná tó ń jẹ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀, ẹ ya fọ́tò pátákó ara mọ́tọ̀ náà, kí fólítì, Hz àti iye yíyí rẹ̀ hàn, kí ẹ fi í ránṣẹ́ síbí. Kí ẹ fi ìwọ̀n fílítà àti páìpù yín kún un.