Ìbéèrè Òǹkàwé: Ta Ni Ó Ní Jáàsì Kò Lófin?

Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ jáàsì àdúgbò wa ní Adó-Èkìtì ti ń ṣe eré orin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kẹ́yìn oṣù, tí wọ́n sì ń fi ọ̀sán ọjọ́ náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ohun èlò orin, lẹ́tà tí ó ń wọlé sí ojú-ewé yìí ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mẹ́fà nínú wọn ni mo mú lóṣù yìí. Kí n má fi ohun kan pamọ́: èmi náà wà lára àwọn tí ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní kíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ náà jù, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀.

*

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mẹ́fà wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ní ẹ sọ fún àwọn pé kí oníkálukú fọn ohun tí ó bá wá sí i lọ́kàn. Èmi tí mo ti ń fi sol-fa kọ́ ẹgbẹ́ akọrin láti ogún ọdún sẹ́yìn, n kò mọ ẹ̀kọ́ orin tí kò lófin. Ṣé bí jáàsì ṣe rí nìyẹn?
Olùkọ́ orin kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Olùkọ́ wa, ohun tí a sọ fún àwọn ọmọ náà ni pé kí wọ́n fọn ohun tí ó bá wá sí wọn lọ́kàn lórí báà méjìlá, ìyẹn ìdá kéékèèké méjìlá tí a pín orin sí. Àwọn ọmọ sì ju báà méjìlá sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n gbé ìyókù délé, nítorí pé ibẹ̀ ni ó dùn jù.

Báà méjìlá yẹn ni òfin. Báà kọ̀ọ̀kan ní kíkà mẹ́rin. Nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, kọ́ọ̀dù dò, ìyẹn ohùn mélòó kan tí ń dún pọ̀ tí dò sì jẹ́ ìpìlẹ̀ wọn, ni dùùrù àti jìtá béèsì yóò dì mú. Wọn yóò bọ́ sí fà fún báà méjì, wọn yóò padà sí dò fún méjì. Lẹ́yìn náà ni sò yóò gba báà kan, tí fà yóò gba kan, kí dò tó wá gba méjì tí ó kẹ́yìn. Bí ó bá pé méjìlá, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò sì máa yí i títí orin yóò fi parí, láìsí ẹni tí ó gbọdọ̀ fò ọ̀kan tàbí kí ó fi ọ̀kan kún un. Orí àwo yìí ni ọmọ tí ó kàn ti ń bu ti ara rẹ̀ jẹ. Bí ó bá fọn ohun tí ó dára jù lọ láyé, ṣùgbọ́n tí ó wà ní báà kẹfà nígbà tí béèsì ti dé ìkẹsàn-án, ó ti ṣì í.

Ẹ wo àwọn onídùndún lóde ìnáwó. Omele kì í kúrò lójú ìlù tí ó ń lù. Ìyáàlù ni ó ń ki olówó, tí ó ń pa òwe, tí ó sì ń bú ẹni tí kò na owó, gbogbo rẹ̀ láìka ìwé kankan. Síbẹ̀, bí ó bá gbàgbé ibi tí omele wà, ẹni tí ń jó yóò kọsẹ̀, gbogbo agbo yóò sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Béèsì àti ìlù òyìnbó ni omele tiwa. Trọ́ḿpẹ̀tì tàbí sáksófóònù tí ó bá kàn ni ìyáàlù, ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé ipò ìyáàlù yóò kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kí orin tó tán.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, dò nìkan ni a ń fún ọmọ. Ó gbọ́dọ̀ fi dò kan ṣoṣo sọ ọ̀rọ̀ tí yóò ní ìtumọ̀ fún báà méjìlá, nípa pé kí ó fà á, kí ó gé e kúrú, kí ó dákẹ́, kí ó tún wọlé. Ẹkún ni àwọn mìíràn ń sun lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni a óò fi sò kún un, àti mi tí a rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ẹ̀yin olùkọ́ sol-fa ń pè ní ma, àti ti tí a rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ẹ ń pè ní ta. Inú ma àti ta ni adùn bulúù, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, wà, bí iyọ̀ ṣe wà nínú ọbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá tún dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ máa pàtẹ́wọ́ fún wọn, kí ẹ sì dá ẹnì kan dúró láàárín orin, kí ẹ bi í pé báà mélòó ni ó wà. Èyí tí kò bá lè dáhùn, ẹ dá a padà sí wa.

*

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 13, ní sáksófóònù ni òun fẹ́ kọ́. Ìyá ọkọ mi ní fèrè fífọn a máa ba àyà jẹ́, àti pé ọmọbìnrin kì í fọn fèrè. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ ti fẹ́ sáré lọ ra ọ̀kan fún un. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.
Ìyá kan, Adó-Èkìtì

Ẹ bá mi kí Ìyá àgbà. Fèrè fífọn kì í ba àyà jẹ́. Ikùn ni a ń kọ́ ọmọ láti fi gbé èémí, àyà tí ó bá sì yá ni kò níṣòro. Ìdọ̀tí ni kí ẹ bẹ̀rù. Itọ́ a máa gbẹ sínú ẹnu fèrè, èébu a sì máa hù níbẹ̀, ìyẹn sì lè fa ikọ́ fún ẹni tí ń fa atẹ́gùn rẹ̀ sínú. Ẹ jẹ́ kí ó máa fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹnu fèrè náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó má ṣe lo omi gbígbóná, torí ó ń ba á jẹ́, kí ó má sì bá ẹnikẹ́ni pín rìídì, pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí ń gbọ̀n ní ẹnu fèrè, lò, bí ó ti wù kí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ tó.

Ní ti pé ọmọbìnrin kì í fọn fèrè, ẹ mú Ìyá àgbà wá síbi eré orin wa kan, kí ẹ fi wọ́n jókòó níwájú.

Bàbá rẹ̀ ni kí ẹ dá dúró. Mo ti rí sáksófóònù tuntun tí ó ń dán bíi wúrà, tí ẹ̀yà rẹ̀ tẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, tí kò sì sí alátùn-únṣe kan tí ó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Kí ọmọ náà máa lo ti ẹgbẹ́ fún sáà kan ná. Ohun tí ẹ lè rà nísinsìnyí ni okùn ọrùn tí ó fẹ̀ dáadáa, nítorí pé sáksófóònù áátò wọn tó kílò 2 ààbọ̀, àti rìídì bíi mẹ́ta, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2 tàbí 2½; ẹ má ṣe gba èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí yóò sọ fún yín pé òun ni ti àwọn ọ̀gá. Nígbà ọyẹ́, rìídì a máa gbẹ, a sì máa là, kí ó máa fi itọ́ rin ín kí ó tó fọn ún. Bí sáà bá parí, tí kò sì tíì sú u, kí bàbá rẹ̀ lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n kí ó mú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fọn dání, kí onítọ̀hún sì fọn ún níwájú ẹni tí ń tà á.

*

Ìwé orin kan náà ni ẹ fún gbogbo àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n bí oníkíbọ́ọ̀dù bá tẹ F, tí onítrọ́ḿpẹ̀tì náà sì fọn F, ohùn wọn kì í bára mu. Ta ni ó ṣì í?
Ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Àwa ni. Trọ́ḿpẹ̀tì àti sáksófóònù tẹ́nọ̀ jẹ́ ohun èlò B flat, èyí túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá fọn ohun tí ìwé pè ní C, B flat ti kíbọ́ọ̀dù ni etí yóò gbọ́. Áátò ní tirẹ̀ jẹ́ ti E flat. Nítorí náà, bí kíbọ́ọ̀dù bá wà ní kíì F, trọ́ḿpẹ̀tì àti tẹ́nọ̀ yóò wà ní G, áátò yóò wà ní D. Bí kíbọ́ọ̀dù bá wà ní C, àwọn méjì àkọ́kọ́ yóò gba D, áátò yóò gba A. Tróḿbónù ń fọn ohun tí ó wà lójú ìwé gan-an, kí ẹ má ṣe yí tirẹ̀ padà. Ìwé mẹ́ta ni ó yẹ kí a kọ, ọ̀kan ni a kọ, ìwé tí ó pé yóò sì wà nílẹ̀ ní ìpàdé tí ó ń bọ̀. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ padà sí sol-fa yín: níbẹ̀, oníkálukú yóò wá dò tirẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹ máa yí.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ Ìkọ̀lé ni lẹ́tà yín ti wá. Ìkọ̀lé ni wọ́n bí Orlando Julius sí ní ọdún 1943, kí ó tó gba Ìbàdàn lọ, tí ó sì fi sáksófóònù rẹ̀ pa háílaìfù àti orin sóòlù ti Amẹ́ríkà pọ̀. Ó papò dà ní ọdún 2022. Mo máa ń bi àwọn ọmọ tí ó bá wá láti Ìkọ̀lé bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n, ìdáhùn wọn kì í sì í dùn mọ́ mi nínú.

*

Orin Èkìtì ń kú lọ níṣojú wa. Àwọn ọmọ tí kò lè gbe ègbè orin àwọn ìyá wọn ni ẹ ń kó jọ tí ẹ ń kọ́ ní orin Amẹ́ríkà. Kí ni ẹ ó sọ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn?
Bàbá kan, Ìjerò-Èkìtì

Bàbá, ẹ kú ìrònú wa. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fẹ́ kí n dáhùn pé Áfíríkà náà ni ó ni jáàsì, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ní New Orleans ni jáàsì ti yọrí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, lọ́wọ́ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà, àwọn tí wọ́n gba fèrè àwọn ológun, orin ìjọ àti bulúù, tí wọ́n sì fi wọ́n ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ rí. Lílé àti ègbè wà níbẹ̀, a kò lè ṣe kí a má dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n jìyà rẹ̀, àwọn ni wọ́n dá a, kò sì yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ wọn nítorí pé a jọ jẹ́ ẹbí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà náà ní àlọ àti àbọ̀. Louis Armstrong wá fọn trọ́ḿpẹ̀tì ní Nàìjíríà ní ọdún 1960, ọdún òmìnira gan-an. Fẹlá, tí ó ti lọ kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1958, fi jáàsì àti háílaìfù bẹ̀rẹ̀ kí Afrobeat tó jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Àjídò lẹ́bàá Bàdágìrì, Babátúndé Ọlátúnjí, gbé ìlù tiwa lọ sí New York, tí ó sì dá ilé àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní Harlem. Inú ilé náà ni John Coltrane, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí ó ga jù lọ nínú jáàsì, ti ṣeré ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1967, nígbà tí ó ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ó kú.

Wàyí o, ẹ̀sùn yín. Níbi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ohùn kan náà ni gbogbo ẹlẹ́gbè ń gbà. Ní Èkìtì tiwa, ohùn a máa pín sí méjì, tí ọ̀kan yóò wà lórí dò, tí èkejì yóò wà lórí mi, tí wọn yóò sì jọ máa gòkè, tí wọn yóò jọ máa sọ̀kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pín in fún wọn. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń ṣàlàyé kọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ lórí pátákó, ojú wọn sì ń wò mí bí ẹni tí ń gbọ́ èdè mìíràn. Ní ọjọ́ kan, ìyá tí ń se oúnjẹ fún wa dá orin níbi tí ó ti ń ro ọkà, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan sì gbè é ní ohùn méjì bí ó ti yẹ. Mo lọ sídìí kíbọ́ọ̀dù, mo tẹ ohun tí wọ́n ń kọ. Kọ́ọ̀dù náà ni. Láti ọjọ́ náà, orin Èkìtì ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ́ọ̀dù, kò sì sí eré orin wa kan tí a kì í ti í fi ọ̀kan sí i. Ọmọ tí ó bá fẹ́ fọn ún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Èyí kò tó, mo gbà bẹ́ẹ̀. Orin tí a mọ̀ kò pọ̀, a kì í sì í gbé orin ìdí òrìṣà lọ sórí ìtàgé láìgba ìyọ̀ǹda àwọn tí ó ni ín. Bí ara yín bá le, Bàbá, ẹ kọ̀wé sí ojú-ewé yìí, ọkọ̀ yóò wá gbé yín láti Ìjerò, kí ẹ wá bá wa lé e.

*

Ilé mi kò jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń ṣeré. Ṣé dandan ni kí gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ?
Aládùúgbò kan, Adó-Èkìtì

Rárá o, ẹ má bínú. Jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé ni ó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀: ariwo rẹ̀ mú wa gbé ohùn sípíkà sókè, a kò sì rántí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ mọ́. A ti gbé e lọ sẹ́yìn ògiri báyìí. Àdéhùn wa tuntun ni pé bí ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ní láti pariwo kí ẹ tó gbọ́ ọ, ohùn náà ti pọ̀ jù, títí kan etí àwọn ọmọ tí ń ṣeré. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni a ó máa parí.

*

Ìgbà wo ni ó yẹ kí a pàtẹ́wọ́? Mo pàtẹ́wọ́ láàárín orin, ọ̀rẹ́ mi sì ní mo dójú ti òun.
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ọ̀rẹ́ rẹ ń ro ti orin kíláásíkà, níbi tí wọ́n ti ń dúró kí gbogbo rẹ̀ tán. Nínú jáàsì, bí ẹnì kan bá parí ìdá tirẹ̀, tí ó sì dùn mọ́ ẹ, pàtẹ́wọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Bí o bá fẹ́ hó, hó. Ìgbà tí béèsì bá ń dá sọ̀rọ̀ nìkan ni kí o rọra, nítorí pé ohùn rẹ̀ kò ròkè, gbogbo wa ni a sì máa ń fi àkókò náà bèèrè ẹni tí ń ta ẹ̀pà.