Kí o tó pariwo pé asẹ́ kídìnrín ń jò

Àbúrò mi, o ní o fi máíkírósíkópù two-photon, èyí tó ń fi iná lésà wo inú ẹ̀yà ara tó ṣì wà láàyè, wo kídìnrín eku tí ara rẹ̀ le koko. O rí albumin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí asẹ́ yẹ kó dá dúró, tí o fi Texas Red, àwọ̀ tó ń tàn, kùn, nínú àyè Bowman, ibi tí omi tó bá gba asẹ́ kọjá ń kọ́kọ́ já sí. O fi bí ti inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tàn tó pín bí tibẹ̀ ṣe ń tàn tó, o rí 0.03, o wá ń béèrè bóyá asẹ́ ló ń jò. Èmi náà rí 0.03 yẹn rí. Odindi oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbà á gbọ́.

Ìwọ nìkan kọ́. Ní 2007, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Indiana, Amẹ́ríkà, gbé 0.034 jáde fún eku tí kò ṣàìsàn, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀, torí àwọn tó ti ń fi abẹ́rẹ́ gíláàsì tíntìntín fa omi náà látọjọ́ pípẹ́ rí nǹkan bíi 0.0006. Gbé ìyẹn wá sára ènìyàn. Nǹkan bíi lítà 180 ni kídìnrín wa ń sẹ́ lójúmọ́, albumin tó wà nínú lítà kan sì tó gíráàmù 40. Bó bá jẹ́ 0.0006, gíráàmù 4 àti díẹ̀ ló ń gba asẹ́ kọjá. Bó bá jẹ́ 0.034, ó di gíráàmù 245! Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Bí a bá ṣi ti alára líle wọ̀n, kí la fẹ́ sọ nípa kídìnrín tí àtọ̀gbẹ ti bà jẹ́?

Iná ló tàn mí jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fún eku tí oògùn ti mú sùn ní dextran 500 kDa dípò albumin, ìyẹn ṣúgà ẹlẹ́wọ̀n gígùn tí a fi àwọ̀ kùn. Ó tóbi ju ohun tí asẹ́ lè jẹ́ kó kọjá lọ. Síbẹ̀, àyè Bowman tó yẹ kó dúdú bí ìdí ìkòkò ń tàn fírífírí. Iná àwọn òpójẹ̀ tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ibi tí mò ń wò ló ń ta sí i. Mo jókòó síbẹ̀, n kò lè sọ̀rọ̀.

Wo àwòrán rẹ dáadáa. Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ fi ń kọ bí ibì kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó: bó bá jẹ́ 8-bit, láti 0 dé 255 ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà ní 255, 0.0006 rẹ̀ jẹ́ 0.15, kò tó 1 rárá! Níbo ni ẹ̀rọ fẹ́ kọ ọ́ sí? Ní 12-bit pàápàá, tí òkè rẹ̀ jẹ́ 4095, kò ju 2 àti ààbọ̀ lọ. Bí o bá sì ti ṣí gain, ìyẹn ohun tó ń mú kí àwòrán mọ́lẹ̀ sí i, débi tí ẹ̀jẹ̀ fi funfun báláú, o ò mọ iye rẹ̀ mọ́, èsì rẹ á máa ga sókè láìjẹ́ pé asẹ́ ṣe ohunkóhun. Má sì fa offset, ìyẹn ohun tó ń pinnu ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀, wálẹ̀ débi tí gbogbo ibi tó ṣókùnkùn á di 0, torí ìyẹn náà ń pa òótọ́ mọ́. Ya àwòrán púpọ̀ lójú kan náà, kí o pa wọ́n pọ̀.

Ti àwọ̀ ló dùn mí jù. Albumin tó ti pẹ́ nínú fíríìjì ni mò ń lò. Àwọ̀ tó bá já kúrò lára albumin kéré, ó ń gba asẹ́ kọjá bí omi. Bí 3 nínú 100 rẹ̀ bá ti já, ó ti tó láti fún ọ ní nǹkan bíi 0.03 láìsí albumin kankan níbẹ̀. Fi í sínú àpò dialysis, tí àwọ̀ tó já lè gba ara rẹ̀ jáde àmọ́ tí albumin kò lè jáde, mọ́jú, máa pààrọ̀ omi rẹ̀, kí o sì lò ó kó tó pẹ́.

Nígbà tí mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, tèmi já wá sí 0.003. Àwòrán tí o yà lójú kan náà kí o tó fún eku ní àwọ̀ ńkọ́, èyí tó ń fi hàn bí ibẹ̀ ṣe ń tàn fúnra rẹ̀? Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí.