Ọjọ́ orí tí o fi wọ iṣẹ́ ọba ṣe pàtàkì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 27 ni mí. Mo gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, mo sì ti ṣe agùnbánirọ̀ tán. Mo fẹ́ di ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iná ọba. Báwo ni mo ṣe lè débẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kọ́kọ́ yọ ipò mínísítà kúrò nínú ìṣirò rẹ. Òṣèlú ló ń gbéni débẹ̀. Agbẹjọ́rò ni Bọ́lá Ìgè tó dé ibẹ̀ lọ́dún 1999, agbẹjọ́rò ni Fáṣọlá tó dé e ní 2015, oníṣirò owó sì ni Adébáyọ̀ Adélabú tó dé e ní 2023.

Àtẹ̀gùn òṣìṣẹ́ ọba ni tìrẹ, ó sì gùn. Ìpele 08 ni ẹni tó gboyè yunifásítì sábà máa ń bá wọlé. Títí dé ìpele 14, ó kéré tán, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wàá lò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 15 àti 16, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Kò sí ìpele 11. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọdún 26 kí o tó di dírẹ́kítọ̀ ní ìpele 17, ìyẹn tí o bá ń yege ìdánwò ìgbéga, tí àyè sì ń ṣí sílẹ̀ lásìkò. Bí o bá wọlé lọ́dún yìí, ẹni ọdún 53 ni wàá jẹ́. Wàyí o, ẹni ọgọ́ta ọdún ń fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Mo mọ ẹnjiníà kan tó já fáfá jù mí lọ, ẹni ọdún 39 ló wọlé; ìpele 15 ló wà tí ọgọ́ta fi bá a. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ní ti akọ̀wé àgbà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ọba tó ga jù ní iléeṣẹ́ ìjọba, Ààrẹ ló ń yàn án láàárín àwọn dírẹ́kítọ̀, wọ́n sì máa ń wo ìpínlẹ̀ tí èèyàn ti wá. Má fi ọkàn sí i jù.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn ju èyí lọ. Òfin iná mànàmáná ti 2023 fún ìpínlẹ̀ láǹfààní láti máa ṣàkóso ọjà iná tiwọn, Èkìtì, Oǹdó àti Èkó sì ti gbà á lọ́wọ́ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọjà iná. Àwọn àjọ ìpínlẹ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ni. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ, tó tún mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó iná tí oníbàárà ń san, kò pọ̀ rárá. Bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, nísinsìnyí, kí o sì fi ọdún yìí kọ́ ìṣirò owó iná náà dáadáa.